Àtúnṣe: Ẹ̀rọ alòsọnù kò mú gbogbo ewu kúrò nínú yíyọ òkúta ọ̀nà òróòro

Ẹni tó kọ̀wé pé gbogbo ẹ̀rọ ìwonú tí ilé ìwòsàn ń fọ̀ tún lò ló ń kó àrùn ranni, àti pé alòsọnù, ìyẹn èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a sì ń jù nù, ti mú gbogbo ewu kúrò nínú yíyọ òkúta ọ̀nà òróòro, fi òótọ́ díẹ̀ lú àsọdùn púpọ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ìwonú tí a ń gba ẹnu tì bọ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ní irin kékeré kan lórí, èyí tí dókítà fi ń darí wáyà sí ẹnu ọ̀nà òróòro, kọ̀rọ̀ irin yìí sì ṣòro láti fọ̀ mọ́. Nítorí náà ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 2015, tó sì fọwọ́ sí alòsọnù àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Àjọ yìí kan náà ló sì sọ pé kí aláìsàn má fagi lé ìtọ́jú rẹ̀ láìbá dókítà sọ̀rọ̀, gbólóhùn tí òǹkọ̀wé wa fò dá.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ mọ́, kòkòrò inú ìfun aláìsàn fúnra rẹ̀ lè wọ ọ̀nà òróòro, pàápàá bí òkúta bá ṣẹ́kù tí òróòro kò sì ṣàn dáadáa. Wíwú ẹ̀yà ara tó ń pèsè ínsúlínì, ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọ̀ràn ìdọ̀tí rárá. Ẹ̀rọ tuntun látinú páálí kò lè dènà rẹ̀.