Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì: ẹ má yọ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́, Mà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. A rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún hẹ́dísẹ́ẹ̀tì USB tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, a sì ka ohun tí ẹ kọ tì í. Ẹ ní bí ẹ bá ti kì í bọ kọ̀ǹpútà báyìí, sípíkà orí tábìlì yín á dákẹ́. Ẹ ní kí ẹ tó lè gbọ́ Fújì yín lálẹ́, àfi kí ẹ yọ ọ́, yíyọ-kíkì yìí sì ti ń mú kí ihò USB máa dẹ̀. Ẹ tún ní àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ń fi Zoom kọ́ ní Yorùbá láti Ìbàdàn ń gbọ́ ohùn ara wọn padà. Ẹ wá parí rẹ̀ pé ọjà gbàrọgùdù la tà fún yín, kí a dá owó padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé etí méjèèjì ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ sì ń gbọ́ yín ketekete. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe méjì yìí, kí ló tún kù tí a fẹ́ kó ṣe? Sípíkà ló dákẹ́, kọ̀ǹpútà ló sì pa á lẹ́nu mọ́.

Sípíkà yín wà nínú ihò aláwọ̀ ewé, níbi tí káàdì ohùn (ẹ̀yà tó ń gbé ohùn jáde) tó bá kọ̀ǹpútà wá ti ń sọ̀rọ̀. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì USB ò bá káàdì yẹn da nǹkan kan pọ̀. Ó gbé káàdì kékeré tirẹ̀ sínú ara rẹ̀. Lójú Windows, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohùn lè gbà jáde, ó sì máa ń mú ọ̀kan fún gbogbo nǹkan, àfi tí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àlejò bá wọlé sínú USB, àlejò ló sábà máa ń gbé e fún. Bí àlejò bá jáde, ó padà sọ́dọ̀ onílé. Gbogbo ohun tí ẹ rí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ ki hẹ́dísẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, nítòsí aago, ẹ máa rí àwòrán sípíkà kékeré. Tó bá jẹ́ Windows 11 ni, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ní ìparí ìlà tí ẹ fi ń yí ohùn sókè tàbí sílẹ̀, àmì kékeré kan wà lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ ìyẹn náà. Orúkọ á tò wálẹ̀: lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, èyí tí Realtek wà lára rẹ̀ ni sípíkà, èyí tí USB wà lára rẹ̀ ni hẹ́dísẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ ni ohùn máa gbà, lójú ẹsẹ̀. Tí máòsì bá sú yín, ẹ tẹ Windows, Ctrl àti V pọ̀, ibi kan náà ló máa gbé yín dé. Lórí Windows 10, ẹ tẹ àwòrán sípíkà yẹn kan náà, kí ẹ wá tẹ orúkọ tó wà lókè ìlà ohùn.

Ti àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀ díẹ̀. Ohùn wọn ló ń gba sípíkà jáde, tí máìkì tó wà lẹ́bàá ẹnu yín ń gbé e, tó ń dá a padà fún wọn. Zoom ní yíyàn tirẹ̀, kì í ṣe ti Windows nìkan. Bí kíláàsì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ọfà kékeré ẹ̀gbẹ́ àwòrán máìkì. Ẹ máa rí Microphone, ẹ máa rí Speaker. Orúkọ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ mú lábẹ́ méjèèjì. Ẹ má mú Same as System o! Ibi tí Windows bá yà sí lòun náà máa yà sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè fi Windows sórí sípíkà títí ayé, Zoom ò ní kúrò létí yín.

Bí ẹ bá fẹ́ pín ohùn àwọn áàpù yòókù náà, lórí Windows 11, ẹ wọ Settings, System, Sound, lẹ́yìn náà Volume mixer. Ibẹ̀ lẹ ti lè ní kí Chrome máa gba sípíkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí orin máa lọ lọ́wọ́ nínú Chrome kí ẹ tó wọbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ tì.

Ẹlòmíràn á ti ta àpótí oníbọ́tìnnì fún yín, èyí tí wọ́n fi ń gbé ohùn láti sípíkà sí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì. Àwa náà ní in lórí igbá. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu 3.5 mm (ẹnu róbótó tẹ́ẹ́rẹ́) ló wà fún, kò wúlò fún USB. Ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, tí tiyín jẹ́ ẹlẹ́nu 3.5 mm: bí ẹ bá ki hẹ́dísẹ́ẹ̀tì síhò iwájú tí sípíkà tó wà níhò ẹ̀yìn sì dákẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní òrùka dúdú mẹ́ta, tí ihò kọ̀ǹpútà sì jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún máìkì, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló máa so wọ́n pọ̀.

Nípa owó yín, Mà: bí etí kan bá dákẹ́ tàbí máìkì kọ̀, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Computer Village, Ìkẹjà, pẹ̀lú páálí àti rìsíìtì. A ó dán an wò níwájú yín lórí kọ̀ǹpútà míì. Tó bá bàjẹ́, owó yín á padà. Ọjà tó ń ṣiṣẹ́ la ò ní gbà padà. Ìbàdàn sí Ìkẹjà kì í ṣe owó ọkọ̀ kékeré, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí a sọ yìí.

Fóòmù etí tí ẹ béèrè ní ìparí ọ̀rọ̀ yín, a ní in, méjì-méjì la ń tà á. Dúdú nìkan ló kù.