Pé nọ́ọ̀sì ń lò ó, kò ní kó má léwu

“Kò léwu jàre, nọ́ọ̀sì ló ń tà á.” Gbólóhùn yìí ti tú owó nínú àpò ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá wá jẹ́ agbẹ̀bí ló gbé e wá, ẹjọ́ parí nìyẹn. Kápúsù irun ni o, tíì tó ń fa ikùn wọlé ni o, àgbo inú ike ni o, wọ́n á ní bó bá léwu, ṣé nọ́ọ̀sì á máa mu ún?

Á máa mu ún, kí ló dé? Ẹni tó fi orí ẹsẹ̀ mọ́jú, tí àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ pín iṣẹ́ ti japa lọ sí ìlú Ọba, á wá ohun tí yóò fi gbé ara ró. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Kó tó fún aláìsàn ní hóró paracetamol kan, á yẹ orúkọ wò, á yẹ ìwọ̀n wò, á wo aago, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tirẹ̀ tó wà nínú báàgì ńkọ́? Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kejì ló tà á fún un láwìn títí oṣù yóò fi parí. Ó jù ú sẹ́nu, ó fi omi lé e, ó di ẹnu iṣẹ́. Bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń lo nǹkan ló ṣe lò ó.

“Ṣebí ó ní nọ́ńbà NAFDAC.” Ẹ yí ike náà padà. Tó bá jẹ́ oògùn ìbílẹ̀, ẹ ó sábà rí lẹ́tà L ní ìparí nọ́ńbà náà: wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́rìí sí i pé ó ń wo àìsàn kankan sàn. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò yẹ àwọn ìlérí náà wò, ní lẹ́tà tín-tìn-tín, nígbà tí orúkọ àìsàn kún gbogbo iwájú ike.

Kì í sì í ṣe pé ewé kì í ṣiṣẹ́. Sẹ́nà, ọmọ ìyá àsúnwọ̀n, ló sábà máa ń wà nínú tíì ikùn yẹn. Inú ló ń ṣí. Omi àti ìgbẹ́ lọ, ọ̀rá jókòó síbi tó wà.

Èyí tó ká mi lára jù ni kápúsù irun, torí kì í run ni nínú, kì í bì ni. Biotin, irú fítámì kan, ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan bíi máíkírógíráàmù 30 ló tó àgbàlagbà lóòjọ́; 5,000 tàbí 10,000 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń kó sínú ẹyọ kan. Ní 2017, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ó lè mú kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ parọ́, títí kan troponin tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ní ìkọlù ọkàn (heart attack). Aláìsàn kan kú lẹ́yìn irú èsì bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò thyroid, ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn, náà kò yọ sílẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ dárúkọ gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì, tàbí kí ẹ mú ike rẹ̀ dání. Tí nọ́ọ̀sì bá sì fẹ́ tà á fún yín, ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Sístà, tí wọ́n bá dá mi dúró ní wọ́ọ̀dù yín lálẹ́ òní, ṣé ẹ ó kọ èyí sínú ìwé oògùn mi?”