A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìmọ̀ràn fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Yóò Wọ Ilé-ìwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí Yorùbá bá pa á lówe pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ ni gbogbo ènìyàn máa ń kọjú sí. A ó ní kí ó dúró, kí ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ni orí. Ṣùgbọ́n òwe náà bá olórí fúnra rẹ̀ wí pẹ̀lú, nítorí bí wọ́n bá pè é títí tí kò yọjú, ẹjọ́ wo ni yóò bá onígbàjámọ̀ rò? Apá kejì yìí ni ó yẹ kí àwa òbí Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham, ní Woolwich àti ní Hackney, fi sọ́kàn lórí bí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń gba ọmọ wọlé.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ti Scotland yàtọ̀, ti fi dandan lé e pé kí wọ́n pe olórí. Ìlànà ìgbàwọlé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 sọ pé ẹni tó láṣẹ lórí ìgbàwọlé gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ará àdúgbò kí ó tó yí ètò rẹ̀ padà, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà láàárín ọdún 2 sí 18 sì wà lára wọn. Bí kò tilẹ̀ sí àyípadà kankan, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 7. Kánsù ló láṣẹ lórí ilé-ìwé ti kánsù, ìgbìmọ̀ alákòóso ló ni ti ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ, àjọ tó ni akádẹ́mì, ìyẹn ilé-ìwé ìjọba tí kò sí lábẹ́ kánsù, ló sì ni ti akádẹ́mì, nítorí náà ìkànnì kánsù nìkan kò tó wò.

Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í búra Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìfikùnlukùn yìí ní àsìkò tirẹ̀: kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 6, ó sì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní, kí wọ́n tó ṣe ìpinnu ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 28 oṣù kejì. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tí a bí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2027 ni àkókò rẹ̀ láti wọ Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni gbèdéke fọ́ọ̀mù, ọjọ́ 16 oṣù kẹrin sì ni àwọn òbí rẹ̀ yóò gbọ́ ilé-ìwé tí wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n àyè láti sọ̀rọ̀ lórí ìlànà tí wọn yóò fi yàn án bọ́ sí àárín oṣù kẹwàá ọdún 2025 àti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún 3, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń wá nọ́sìrì. Àwọn tí ọmọ wọn ti wà nílé-ìwé rò pé kò kan àwọn. Àwọn tó kàn gan-an kò mọ̀ pé wọ́n ń pe àwọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹni tí lẹ́tà ilé-ìwé bá tẹ̀ lọ́wọ́ ni kí ó sọ fún aládùúgbò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Bí àbá náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wo iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ máa gbà. Ọmọ ti dín kù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù, iye ọmọ tó wà nílé-ìwé ni wọ́n sì fi ń pín owó fún un. Olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ 30 lọ ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, ìdí nìyí tí ilé-ìwé tó ń gba 60 tẹ́lẹ̀ fi lè sọ pé 30 ni òun yóò máa gbà. Ní tèmi, kì í ṣe gbogbo àdínkù ló burú, nítorí àwọn ilé-ìwé kan ní Hackney ti kógbá sílé nítorí àìsí ọmọ. Ohun tí ó yẹ ká béèrè ni ẹni tí àdínkù náà yóò tì síta.

Ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ṣe to àwọn ọmọ tẹ̀lé ara wọn. Àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba, àti àwọn tó ti wà níbẹ̀ rí, ni òfin fi síwájú. Lẹ́yìn wọn ni ìyàtọ̀ ti ń wọlé. Bí wọ́n bá yọ àǹfààní àbúrò kúrò, ìyẹn ipò iwájú tí wọ́n ń fún ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nílé-ìwé náà, ìyá kan lè máa sáré gbé ọmọ méjì lọ sí ilé-ìwé méjì láàárọ̀ kan náà. Bí wọ́n bá yí bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà láti ilé ọmọ dé ilé-ìwé padà, láti orí ìrìn ẹsẹ̀ sí ìlà tààrà, ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ojú irin lè jàǹfààní níbi tí ẹlòmíràn ti pàdánù. Ní ilé-ìwé ìjọ, ẹ ka ìtumọ̀ tí wọ́n fún Kristẹni láti ìjọ mìíràn dáadáa. Ó lè jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ìjọ kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ìjọ aláṣọ funfun tí ẹ ń lọ má sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìwé ojú ewé kan tó dárúkọ àdúgbò, tó sì ṣàlàyé ẹni tí àyípadà náà yóò pa lára, sàn ju orúkọ igba ènìyàn tó kàn wí pé àwọn kò gbà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ìpinnu tí ẹ gbà pé kò bá òfin mu, ẹ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún láti kọ̀wé àtakò sí Schools Adjudicator, onídàájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé, ẹni tó lè wò ó bóyá ìlànà náà tọ́ àti bóyá wọ́n ṣe ìfikùnlukùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìpinnu rẹ̀ de ilé-ìwé náà, yálà ilé-ìwé kánsù ni tàbí ti ìjọ.