A Kì Í Ṣe Ààtàn Ajá

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, mi ò sì lè gbé e mì mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹgbẹ́ wa tó ń gba ajá là ní Adó-Èkìtì. Ó ní a ò wúlò fún nǹkan kan. Ó ní ẹnu lásán la ní, pé à ń gbé fọ́tò ajá kiri orí Facebook, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó fẹ́ ká ran òun lọ́wọ́ dé, a sá. Ó ní tílẹ̀ bá ti mọ́, òun á pe àwọn tó ń fi ọ̀kadà ra ajá kiri kí wọ́n wá mú ajá òun lọ síbi tí wọ́n ti ń pa á. Kí la ṣe fún un? A ní kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ká tó wá gbé ajá náà. Kò lè dúró, torí ọjọ́ Ẹtì lòun àti ìyàwó àti ọmọ ń lọ sí Kánádà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó ń sùn lálẹ́ tó jí lówùúrọ̀ tó bá físà Kánádà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti ta mọ́tò. Ó ti ta jẹnẹrétọ̀ àti fìríìjì. Wọ́n ti gbàdúrà fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti pín ìkòkò àti àga fún àwọn àbúrò. Nínú gbogbo ètò yìí, ajá nìkan ni kò sí níbẹ̀ títí ó fi ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ tó wá rántí rẹ̀, ó di ẹrù tiwa, èébú sì tún lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe ní Adó yìí. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù nínú wa. Olùkọ́ wà nínú wa, aránṣọ wà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà, dókítà ẹran kan sì wà tó ń bá wa ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Àwa la máa ń jí lọ sí odò ẹran láti tọrọ egungun àti ìfun tí wọn ò tà, tí a ó sè é pọ̀ mọ́ àgbàdo lílọ̀. Àwa la ń fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́. Ẹni tó bá rò pé fífọwọ́ pa ọmọ ajá lórí niṣẹ́ yìí, kó wá bá wa fọ ọgbà láàárọ̀ lẹ́yìn òjò ńlá.

Tí a bá sì sọ pé ọgbà ti kún, kì í ṣe àwáwí. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní parvo. Ọmọ ajá tó bá kó o á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kì í kúrò nímú ẹni bọ̀rọ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti lè kú. Kòkòrò àrùn náà sì lágídí. Oṣù á máa gorí oṣù, á ṣì wà nínú ilẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, èèyàn lè da Hypo sí i kó fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ erùpẹ̀ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí ajá tuntun kì í fi í wọ àárín àwọn tó kù lọ́jọ́ tó dé. A gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ká fi wo ara rẹ̀. Àwọn ajá tó wà níbi ìyàsọ́tọ̀ wa lọ́wọ́ kò tí ì pé ọjọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì tí a tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn, ìwọ̀nba àyè tí wọ́n máa fi kúrò níbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n a lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé a máa lọ. Nígbà tó ti dárúkọ àwọn tó ń ra ajá pa, ó ti mú wa.

Ilé náà kò jìnnà sí ọ̀nà Ìyìn. Ọ̀gbẹ́ni náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, fóònù wà létí rẹ̀, ó kàn nawọ́ síbi tí ajá wà ni. Lábẹ́ páànù tí wọ́n fi bo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà tẹ́lẹ̀, níbi tí epo ti mu ilẹ̀ dúdú, ibẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Ajá ńlá ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Kò gbó. Ó kàn ń wò wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí a sún mọ́ ọn la gbọ́ òórùn náà. Ṣéènì tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn láti kékeré, kò sẹ́ni tó tú u nígbà tó ń dàgbà. Ọrùn ń tóbi, ṣéènì ò tóbi, ni ṣéènì bá wọ inú ẹran lọ. Lókè ọrùn, awọ ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Lábẹ́ àgbọ̀n, egbò ló wà níbẹ̀, ìdin ń rìn nínú rẹ̀.

Dókítà fún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó fi omi iyọ̀ fọ ibẹ̀, ó wá ń fi páláyà gé ṣéènì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo di orí ajá mú. Kí oorun tó kùn ún dáadáa, ó ta pọ́ún, eyín rẹ̀ sì bá ọwọ́ ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tó di ẹsẹ̀ iwájú mú. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo yíjú sí ọ̀gbẹ́ni náà, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dà?” Ó ní káàdì wo? Ó ní ajá òun kì í ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, níwájú ọmọ tẹ́jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀, pé èló la máa fún òun, torí pé ìyá ajá náà, fọ́ríìn ni.

Mi ò dá a lóhùn. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta àkàrà lójúlé kejì ló gbé ọṣẹ àti kẹ́ẹ̀gì omi wá. A fọ ọwọ́ ọmọ náà lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, torí iye tí wọ́n ní ká fi fọ̀ ọ́ nìyẹn, kì í ṣe ká kàn fi omi ṣan án lásán tàbí ká da epo pupa sí i bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìyá náà ń sọ̀rọ̀ bó ti ń da omi: “Ọmọ mi, ẹ gbé e lọ. Èmi ni mo ń ju àkàrà tó bá jóná sí i láti orí fẹ́ǹsì. Ó mọ ohùn mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n má dá sí i, pé ajá kì í ṣe ọmọ.”

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà, kí ohùn ọ̀gbẹ́ni yẹn tó dé rárá, ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò wa pé ebi ń pa ọmọ èèyàn, ẹ̀ ń bọ́ ajá. Ẹ máa ń kọ ọ́ léraléra. Èmi fẹ́ kí onítọ̀hún wo ọmọ tí ajá bù jẹ yìí. Ó ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ń dènà àrùn dìgbòlugi (rabies) lọ́jọ́ tí ajá bù ú jẹ gan-an, ó ṣì máa gba ti ọjọ́ kẹta, ti ọjọ́ keje àti ti ọjọ́ kẹrìnlá. Àwa la dáwó rẹ̀ jọ. Ajá náà wà níbi ìyàsọ́tọ̀, a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tó bá yè, tára rẹ̀ le, a jẹ́ pé kò ní dìgbòlugi nígbà tó bù ú jẹ. Tí àpẹẹrẹ dìgbòlugi bá ti jáde lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Nínú ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, bí 59,000 èèyàn ló ń bá a lọ lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ sí jù, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú àwọn tí ajá tí wọ́n fura sí bá bù jẹ, tí a bá ka 100, bí 40 ló jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15. Ọmọ èèyàn ni wọ́n. Bí a bá gún ajá 70 nínú 100 lábẹ́rẹ́ ní ìlú kan, àrùn náà á dáwọ́ dúró láàárín àwọn ajá ibẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ń pè ní ìranù nìyẹn.

Àwọn mìíràn á tún ní ajá Ògún ṣáà ni. Èkìtì níbí ni Ìrè wà, mo mọ ohun tí ajá jẹ́ fún Ògún, mi ò bá oníṣẹ̀ṣe kankan jà. Ẹni tó ń bọ Ògún kì í fi ìdin sí ajá lọ́rùn.

Ẹ tún ń bi mí pé kí ló dé tí a ò pe ọlọ́pàá. Ó wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa, Criminal Code, abala 495, pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50! Ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn lè fi náírà 50 rà lọ́jà Ọba lónìí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ẹni tó ń darí wa ti mú un wá pé láti oṣù tó ń bọ̀, a ò ní gba ajá lọ́wọ́ olówó rẹ̀ mọ́, àfi èyí tí mọ́tò gbá lójú títì tàbí èyí tí kò lólówó. Ó ní bí a bá ń gbà wọ́n, a jẹ́ pé àwa gan-an là ń kọ́ àwọn èèyàn pé kò burú kí wọ́n já ajá jù sílẹ̀, ṣebí ẹnì kan á wá gbé e. Ó ní owó tí a ń ná lórí wọn, ká fi gún ajá lábẹ́rẹ́ láti abúlé dé abúlé, ká fi yọ ilé ọmọ àwọn abo, ká tẹ àwọn akọ lọ́dàá. Bí oṣù méjì péré ni ajá fi ń lóyún, abo sì lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mi ò rí ibi tó ti ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi gan-an ti ń sọ ọ́ kó tó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òfin yẹn ti wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́kadà ló máa gbé ajá yẹn lọ, pẹ̀lú ṣéènì lọ́rùn. Kì í ṣe ajá ló fẹ́ lọ sí Kánádà. Mo sì tún mọ̀ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á pè, á dárúkọ àwọn tó ń ra ajá pa, torí ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́ pé ohun tó ń mú wa jáde nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé la máa ṣèpàdé, ká wá nawọ́ sókè lórí rẹ̀. Mi ò tí ì mọ ibi tí mo máa dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ní Àkúrẹ́, ní Ìbàdàn, níbikíbi, báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?