Ta ló sọ pé mọ́dẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́ kò ní ẹni tó ni ín?

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkèfìà, l'Óṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn fi géèmù sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ń ta fíláàṣì tó kún fún mọ́dẹ́ẹ̀lì rélùwéè, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn yà sórí kọ̀ǹpútà láti máa wà nínú géèmù: ẹ́ńjìnnì eléèédú, ẹ́ńjìnnì dísù, kọ́ọ̀ṣì, wágọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀ pátá. Mo bi í pé ta ló ṣe wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e síta o. Ohun tó bá ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gbogbo ayé ni. Owó wàhálà mi lásán ni mò ń gbà." Àwọn tó dúró síbẹ̀ ń mi orí sí i. Kò sẹ́ni tó ta kò ó nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà, mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Irọ́ ni. Ilé ẹjọ́ ti sọ pé irọ́ ni, orí ọ̀rọ̀ rélùwéè gan-an ni wọ́n sì ti sọ ọ́.

Ẹjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gba "owó wàhálà" mọ̀, torí náà, ẹ jẹ́ n rò ó dáadáa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan wà ní yunifásítì Berkeley, ní California, Robert Jacobsen lorúkọ rẹ̀. Òun àtàwọn míì tó fẹ́ràn rélùwéè kékeré, irú èyí tí èèyàn ń to ojú irin rẹ̀ sórí tábìlì, para pọ̀ kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní JMRI. Òun ni wọ́n fi ń darí àwọn ọkọ̀ náà láti orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé e sórí ìkànnì SourceForge, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi tì í ni láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò, tó ń jẹ́ Artistic License, tó ní: gbà á, lò ó, tún un ṣe bó o bá fẹ́, pín in fáwọn ẹlòmíràn, àmọ́ má ṣe yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́, má ṣe yọ ìkéde ẹ̀tọ́ wọn, kó o sì sọ ohun tó o bá yí padà.

Ọkùnrin kejì ni Matthew Katzer. Ó ní iléeṣẹ́ tó ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ fáìlì tó jáde rárá ló ti ń fi ìwé owó ránṣẹ́ sí Jacobsen, pé kó wá san ohun tó lé ní 200,000 dọ́là, torí pé ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀ ń lo ohun tí òun ní ìwé ẹ̀rí pé òun ni òun kọ́kọ́ ronú kàn. Àṣé iléeṣẹ́ tirẹ̀ ti mú fáìlì láti inú JMRI, àwọn fáìlì tó ń ṣàlàyé dékódà, ìyẹn ohun kékeré inú ẹ́ńjìnnì tó ń gba àṣẹ, wọ́n sì ti kó wọn sínú ọjà wọn tó ń jẹ́ Decoder Commander. Wọ́n yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n yọ ìkéde ẹ̀tọ́. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ti rí i, wọn ò sì sọ ohun tí wọ́n yí padà.

Jacobsen gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2007, ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ sọ ohun tí ì bá dùn mọ́ ọmọ Òkèfìà yẹn nínú: wọ́n ní láísẹ́ǹsì náà gbòòrò, pé bí wọ́n bá tiẹ̀ rú u, ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán ni, kò kan ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, ìyẹn copyright. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 2008, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Federal Circuit wọ́gi lé e. Wọ́n ní ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló ṣì ni iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ohun tó kọ sínú láísẹ́ǹsì ni ààlà àṣẹ tó fúnni, ẹni tó bá sì kọjá ààlà yẹn kò ní àṣẹ kankan lọ́wọ́ mọ́, ó ti tẹ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lójú. Ibì kan tún wà nínú ìdájọ́ náà tí mo fẹ́ràn jù: wọ́n ní kì í ṣe owó ìtajà nìkan lèrè. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ń fi jèrè orúkọ, ó sì ń jèrè àtúnṣe tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń bá a ṣe. Bó o bá ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, èrè náà lo jí kó yẹn.

Ní 2010 ni wọ́n yanjú ẹ̀. Katzer gbà láti san 100,000 dọ́là, wọ́n sì pàṣẹ pé kó má fọwọ́ kan fáìlì JMRI mọ́. Owó yẹn jáde lórí ohun ọ̀fẹ́ o, lórí rélùwéè tí èèyàn ń tò sórí tábìlì.

Wọ́n á ní Amẹ́ríkà nìyẹn, Òṣogbo la wà. Ó dáa. Nàìjíríà ti wọ àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, láti 1993, ohun tí àdéhùn yẹn sì sọ ni pé àtìgbà tí oníṣẹ́ bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kan. Òfin tiwa náà, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà, àwòrán, fọ́tò àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ó tún fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ṣe é. Kò sí ibi tí òfin náà ti ní kí ẹ̀tọ́ yẹn pa rẹ́ torí pé oníṣẹ́ ò gbowó.

Àwa ará Òṣogbo ló sì yẹ kí èyí tètè yé jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti gbé rélùwéè ọ̀fẹ́ fún wa láti Èkó wálé lásìkò Iléyá àti Kérésìmesì, èrò á sì kún un fọ́fọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní téṣàn tó ní torí pé òun ò sanwó, kọ́ọ̀ṣì ti di tòun, òun fẹ́ tú àga rẹ̀ lọ tà l'Ọ́jà Ọba. Wọ́n gbé ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, wọn ò fún ọ lọ́kọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí ò mọ ohun tó wà nínú síìpù tí wọ́n ń dáńlóòdù. Open Rails, símúlétọ̀ kan, ìyẹn géèmù wíwa rélùwéè, lèmi ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì fún, ọ̀fẹ́ ni mo sì ń gbé wọn síta. Èyí tó gba òru lójú mi jù ni River class, ẹ́ńjìnnì eléèédú tí Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fún rélùwéè Nàìjíríà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹsẹ̀ kéékèèké méjì ló wà níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kéékèèké méjì lẹ́yìn, lórí ojú irin wa tó fẹ̀ ní 1,067 mílímítà. Kí èèyàn ya ìkòkò omi rẹ̀ nínú Blender, ètò tí a fi ń yàwòrán, kò le rárá. Ọ̀pá tó ń yí àwọn ẹsẹ̀ ńlá ló le. Apá ọ̀tún àti apá òsì gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́rin yíyí kan yàtọ̀ síra, torí bí písítìnnì méjèèjì bá jọ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì gidi ò ní lè gbéra. Àwọn irin tó ń ṣí ọ̀nà fún ooru omi híhó, tí wọ́n fi orúkọ Walschaerts ará Belgium pè, gbọ́dọ̀ máa jó tẹ̀ lé ọ̀pá yẹn ní gbogbo ìpele. Èémí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mẹrin bí ẹsẹ̀ ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, torí sìlíńdà méjì ni, kálukú sì ń tú ooru jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá mọ rélùwéè eléèédú á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ bó bá jẹ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fáìlì .eng. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, Notepad lè ṣí i: bí sìlíńdà ṣe fẹ̀ tó, bí písítìnnì ṣe ń rìn jìnnà tó, agbára ooru inú ìkòkò, bí iná ṣe ń jẹ èédú. Òun ni Open Rails ń kà láti mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì yìí á lè fa ẹrù gun òkè tàbí ooru rẹ̀ á tán lójú ọ̀nà. Ìwé àtijọ́ ni mo ti ń wá àwọn nọ́ńbà yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni mo ti mú olè. Mo rí River class kan tí wọ́n ń tà, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, wọ́n sì fún un lórúkọ míì. Ẹni tó ń tà á búra pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọwọ́ òun lòun fi ṣe é. Mo ra á. Mo ṣí .eng rẹ̀. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ agbára ooru sí, inú àkámọ́ Comment tí géèmù kì í kà, mo bá ọ̀rọ̀ Yorùbá: "màá tún wo ìwé sí èyí, ó dà bíi pé ó pọ̀ jù." Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ fún ara mi, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀. Mo ṣí àwòrán awọ ọkọ̀ náà. Ní igun ìsàlẹ̀ tí kò hàn lára ọkọ̀, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ fi àwọ̀ ewé yẹn débẹ̀. Fáìlì readme tí mo kọ àdéhùn mi sí nìkan ni wọ́n yọ. Ṣé ẹni tó gbà lóòótọ́ pé ohun ọ̀fẹ́ kò ní ẹni tó ni ín á máa wá readme yọ?

Wọ́n á ní dátà àwọn làwọn fi dáńlóòdù ẹ̀. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù lo sanwó yẹn fún. Wọ́n á ní èmi náà wo ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn ṣe tèmi ni. Mi ò sọ pé mo ni River class, iṣẹ́ tí mo fọwọ́ mi ṣe ni mò ń sọ. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n lè gbé kò mí lójú lórí èyí, n ò ní fi pa mọ́: ní 2008 kan náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn míì ní Amẹ́ríkà sọ fún iléeṣẹ́ Meshwerks pé àwòṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe nípa ọkọ̀ Toyota kò ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, torí pé ìrísí ọkọ̀ náà ni wọ́n dà kọ gẹ́lẹ́. Àmọ́ ìlà lásán tí kò ní àwọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti ní awọ tí èèyàn fọwọ́ kùn, tó ní ohùn, tó ní fáìlì tí wọ́n kọ, kì í ṣe ìlà lásán.

Ẹ wo àwọn tó ń ṣe símúlétọ̀ náà. Lórí Trainz, géèmù rélùwéè míì, gbogbo ohun tí èèyàn bá ṣe ló ní nọ́ńbà kuid, nọ́ńbà ẹni tó ṣe é sì wà nínú rẹ̀. Open Rails fúnra rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPL, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sì ni GPL fẹsẹ̀ lé. Ó lè ka fáìlì Microsoft Train Simulator, géèmù rélùwéè ti 2001, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe é kì í kó ẹ́ńjìnnì Microsoft pọ̀ mọ́ ọn fún ẹnikẹ́ni, torí kì í ṣe tiwọn láti fúnni.

Tèmi nìyí, ó wà nínú readme. Ẹ gbà á, ẹ wà á, ẹ kọ lẹ́tà sí mi kẹ́ ẹ tó kùn ún ní àwọ̀ míì tàbí kẹ́ ẹ tó gbé e síbòmíràn. Mi ò tíì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ẹ má ṣe tà á, ẹ má sì yọ readme. Ẹni tó bá sì ti ra aláwọ̀ ewé yẹn, agbára ooru tí mo ní ó pọ̀ jù yẹn ló ṣì wà nínú tiẹ̀. Mo ti tún un ṣe nínú tèmi, ọ̀fẹ́ ni.