Iye Ọkàn Tí A Jèrè Kọ́ Ni Èso Ẹ̀mí

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ léèrè ta ló ń so èso, ẹni tó jèrè ọkàn jù ni wọn yóò nàka sí, tàbí ẹni tí iṣẹ́ ìyanu ń tọwọ́ rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ ṣí Mátíù orí 7. Ibẹ̀ ni Jésù ti sọ pé èso ni a ó fi dá àwọn wòlíì èké mọ̀. Ẹ má tíì pa Bíbélì dé o! Nígbà tó di ẹsẹ 22, àwọn kan kó ẹ̀rí wá síwájú rẹ̀: àwọn sọ tẹ́lẹ̀, àwọn lé ẹ̀mí èṣù jáde, àwọn ṣe iṣẹ́ ìyanu púpọ̀ ní orúkọ rẹ̀. Kò bá wọn jiyàn pé wọn kò ṣe é. Ó kàn ní òun kò mọ̀ wọ́n rí ni. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bà mí lẹ́rù.

Ìjọ Kọ́ríńtì ńkọ́? Pọ́ọ̀lù jẹ́rìí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ sí wọn pé kò sí ẹ̀bùn Ẹ̀mí tó wọ́n wọn, síbẹ̀ inú lẹ́tà yẹn kan náà ló ti bá wọn wí nítorí owú àti ìjà. Ẹ̀bùn, a lè gbà á lóòjọ́. Èso ní láti yọ, kó gbó, kó tó pọ́n.

Ìwà mẹ́sàn-án ni Gálátíà 5:22-23 kà, láti orí ìfẹ́ títí dé ìkóra-ẹni-níjàánu. Ní èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, èso ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n pè é. Nítorí náà, n kò lè mú ayọ̀ kí n sọ pé ìwà tútù kò kàn mí.

Lóòótọ́, Pọ́ọ̀lù lo ọ̀rọ̀ náà, èso, fún iṣẹ́ tó ń retí láti ṣe láàárín àwọn ará Róòmù, nítorí náà n kò ní ká má wàásù mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti òde ìwàásù dé, ìwé ìléwọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi da omi sórí ìwé tí mo kọ iye àwọn tó gba Jésù sí. Mo jágbe mọ́ ọn, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ọ̀rọ̀ Jésù nínú Jòhánù 15 sọ sí mi lọ́kàn, pé ẹ̀ka tí kò bá dúró lára àjàrà kò lè so èso. Ẹ̀ka tí wọ́n gé kúrò lára àjàrà kì í rọ lójú ẹsẹ̀; ewé rẹ̀ á ṣì tutù fúngbà díẹ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, mo bẹ ọmọ náà.