Ilé-Ẹyin Tó Lọ́ Kì Í Dúró De Àárọ̀

Bí ọkùnrin bá di àyà mú lóru tó ń làágùn, kò sí ẹni tó máa ní kó lọ sùn. Ariwo á ta, wọ́n á wá ọkọ̀, aládùúgbò tó ní mọ́tò á jí. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá di abẹ́ ìdodo mú, tó ń yí lórí ẹní, tó sì ń bì, ohun tí à ń bi í ni pé: "Ṣé nǹkan oṣù ẹ fẹ́ dé ni?" Wọ́n á gbé omi gbígbóná fún un, wọ́n á wá Paracetamol 2 fún un, wọ́n á ní kó fara dà á kí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwé ìròyìn yìí ń sọ ọ́ lónìí pé ìfaradà yẹn ti pọ̀ jù, ó sì ń gba ohun tí owó kò lè rà padà lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wa.

Ohun tí à ń sọ ni ilé-ẹyin obìnrin tó lọ́. Ilé-ẹyin 2 ni obìnrin ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé-ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Ibẹ̀ ni ẹyin tó ń di ọmọ ti ń wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lọ ní gígùn, iṣan ló sì fi rọ̀. Ara iṣan yẹn náà ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Ẹni tó bá ti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn rí mọ bó ṣe máa ń yí èèkàn po títí okùn á fi fún un lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé-ẹyin ṣe ń yí po lórí iṣan tó gbé e dúró. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde ló kọ́kọ́ ń dí, nítorí ara tirẹ̀ fẹ́lẹ́. Èyí tó ń gbé e wọlé nípọn, ó ṣì ń da ẹ̀jẹ̀ sínú ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti lè jáde mọ́. Ilé-ẹyin á wú. Wíwú yẹn á tún fún iṣan náà pa, títí ẹ̀jẹ̀ tuntun kò fi ní wọlé rárá. Láti ìgbà náà lọ ni ẹran ara ibẹ̀ ti ń kú.

Àwọn tí kókó tàbí àpò omi wà nínú ilé-ẹyin wọn ló máa ń mú jù, àgàgà tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 5. Oríṣi kókó kan wà nínú wọn tí irun àti ọ̀rá máa ń wà nínú rẹ̀, nígbà míì eyín pàápàá. Inú ẹyin obìnrin fúnra rẹ̀ ló ti hù jáde, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. A dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ẹbí tó bá gbọ́ pé irun àti eyín ni wọ́n bá nínú ikùn ọmọ wọn lè gbé e kúrò ní ọsibítù lọ sórí òkè àdúrà tàbí sí ilé aláwo. Ayé kọ́ ló fi í síbẹ̀. Aboyún náà wà nínú ewu yìí, pàápàá nígbà tí oyún ṣì kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin pọ̀ nítorí IVF, ìyẹn oyún tí wọ́n ti ń po ẹyin mọ́ àtọ̀ níta ara, tí ilé ìwòsàn tó ń ṣe é ti pọ̀ l'Ékòó báyìí. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: obìnrin tí dókítà bá ti rí kókó nínú ilé-ẹyin rẹ̀, tàbí tó ń gba abẹ́rẹ́ ẹyin, kò yẹ kó kúrò níwájú dókítà láìgbọ́ pé bí inú bá dédé ta á lóru, kó má dúró.

Èyí tó yẹ kó jí gbogbo òbí ni pé ọmọdébìnrin tí kò tíì rí nǹkan oṣù rí lè ní in, kódà kí kókó kankan má sí nínú ilé-ẹyin rẹ̀. Nítorí náà, kí ìyá má sọ pé ọmọ òun kéré jù. Kí mátírọ́ọ̀nù ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀ má sì sọ pé ọmọ yìí kò fẹ́ lọ sí kíláàsì ni.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ìrora á dé lójijì, á le, á wà ní apá kan abẹ́ ikùn ju èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ wọn á máa bì tàbí kí èébì máa gbé wọn. Ibà kì í sábà bá a dé níbẹ̀rẹ̀. Apá ọ̀tún ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ju òsì lọ, torí pé ìfun ńlá ti gba àyè lápá òsì, ilé-ẹyin ibẹ̀ kò ráyè yí bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún yẹn náà ni àpẹ́ńdísì ti máa ń dunni, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ṣì í pè ní àpẹ́ńdísì. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pè é ní àpẹ́ńdísì, ó sàn, torí pé àpẹ́ńdísì á ṣì mú un dé iwájú oníṣẹ́ abẹ. Èyí tó ń dùn wá ni ti àwọn tí wọ́n ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí ọgbẹ́ inú, tàbí tàífọ́ọ̀dù. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á ní Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá tàífọ́ọ̀dù, ti gbé e jáde, wọ́n á so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á máa gún un lábẹ́rẹ́ títí ọjọ́ 3 á fi kọjá. Ní ilẹ̀ tí tàífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé òun ló ń ṣe ènìyàn lónìí. Ara ẹni tó ti ní in rí lè gbé e jáde.

Ohun tó tún ń tan ilé jẹ ni pé ìrora náà lè lọ kó tún padà. Ilé-ẹyin lè lọ́, kó tú ara rẹ̀, kó tún lọ́. Bí ó bá tú lásìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ ní àgbo, àgbo ló máa gba oríyìn. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ oníkẹ́mísì ló bọ́ sí àsìkò yẹn, oníkẹ́mísì ló máa di dókítà àdúgbò. Nígbà tó bá tún dé, ibi tí wọ́n ti rí ìwòsàn lánàá ni wọ́n máa sáré padà sí. A kò bá oníkẹ́mísì jà, òun ló wà nítòsí nígbà tí kò sí ẹlòmíì. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ fún ni kó mọ èyí kan: ìrora òjijì lábẹ́ ikùn obìnrin, pẹ̀lú èébì, kọjá kẹ́mísì. Kó fún un lóògùn ìrora, kó sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn ìrora kò ní kí dókítà má rí àìsàn náà.

Ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú àwọn dókítà le ju ti oníkẹ́mísì lọ, nítorí wọ́n mọ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí wọn kò kọ́ pé bí kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin bá lọ́, nǹkan bíi wákàtí 6 ló wà láti fi gbà á là. Wọ́n ń sáré fún ìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ti ilé-ẹyin kò ní wákàtí kan pàtó tí ìwé fà lé e lórí. Nígbà míì ó máa ń yè lẹ́yìn ọjọ́ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà míì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó bàjẹ́. Àìní wákàtí pàtó yìí ni àwọn kan wá sọ di àyè láti dúró de ọ̀gá tó máa dé láàárọ̀. Òdìkejì gan-an ló yẹ kó túmọ̀ sí. Ẹni tí kò mọ iye wákàtí tó kù kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan ṣòfò.

Síkáànì náà ń kó bá wọn. Síkáànì dára, ó máa ń fi ilé-ẹyin tó wú hàn, ìgbà míì ó máa ń fi iṣan tó lọ́ pọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn nínú rẹ̀, ìyẹn kò ní kó má lọ́. Inú tíátà nìkan ni wọ́n ti ń rí i dájú. Dókítà tó bá rí obìnrin tí ìrora ń pa, tí kókó wà nínú ilé-ẹyin rẹ̀, tó wá dá a padà sílé nítorí pé síkáànì ní ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, kò ṣe é re.

Bí wọ́n bá sì ti dé tíátà, ọ̀rọ̀ kan kù. Láyé ìjọ́un, ilé-ẹyin tó bá ti dúdú ni wọ́n máa ń gé kúrò. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá tú u, ẹ̀jẹ̀ dídì á já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rí tó ti jáde láti ìgbà náà fi hàn pé títú u kò fi kún ewu yẹn, àti pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹyin tó dúdú lójú ló ń padà sípò, tó tún ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin àti ìgbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà, ACOG, gba àwọn oníṣẹ́ abẹ nímọ̀ràn pé lára ọ̀dọ́mọbìnrin, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì dá a sí, kí wọ́n má fi àwọ̀ rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Ti ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró yàtọ̀, torí ìfòyà jẹjẹrẹ, gígé e kúrò lè jẹ́ ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ọdún 15 wọ tíátà pẹ̀lú ilé-ẹyin 2, kó jáde pẹ̀lú ẹyọ 1 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìyànjú láti tú u, a kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Kò pọn dandan kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń ti ihò kékeré lára ikùn fi ṣiṣẹ́ abẹ wà kí wọ́n tó lè ṣe é. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lè la ikùn kó tú u ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń dá iṣẹ́ yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò yẹ kó dá a dúró. Ọ̀kan ni ìbínú òbí nígbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ wọn tọ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò oyún. Àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Oyún tó dúró síta ilé-ọmọ máa ń dá irú ìrora yìí sílẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn kíá. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òun ni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ̀rù pé síkáànì máa ba ìbálé ọmọ jẹ́ náà kò nídìí, wọ́n lè ṣe é láti orí ikùn. Òmíràn ni dídúró de ọkọ kó wá fọwọ́ síwèé. Obìnrin tó ti dàgbà, tí orí rẹ̀ pé, lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kí ọsibítù má fi ọkọ tó wà lórí ìrìn-àjò Kánò dá tíátà dúró.

Ṣùgbọ́n owó ló ń dá ọ̀pọ̀ jù lọ dúró. "Ẹ lọ san dìpósíìtì wá" ni gbólóhùn tó ń pa jù lórílẹ̀-èdè yìí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì ti dá a lẹ́kun. Abala 20 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn náírà 100,000, ó lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ni ilé ìwòsàn á sọ pé àwọn aláìsàn máa ń sá lọ láìsanwó, pé epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni. Àwọn tó ṣòfin rò ó mọ́ ọn: òfin kan náà ló dá àpò owó ìtọ́jú ìlera sílẹ̀ láti inú owó ìjọba àpapọ̀, tó sì ya ìdá 5 nínú 100 owó àpò náà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Kí ilé ìwòsàn lọ bá ìjọba jà lórí owó yẹn, àwa náà á bá wọn kígbe. Kí wọ́n má fi obìnrin tó ń bì lẹ́nu géètì ṣe ohun ìdógò.

Nítorí náà, a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn kọmíṣánnà ètò ìlera l'Ékòó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pé kí wọ́n pa á láṣẹ fún gbogbo ọsibítù ìjọba: obìnrin tàbí ọmọbìnrin tó bá dé pẹ̀lú ìrora òjijì lábẹ́ ikùn, kí nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì kà á mọ́ àwọn tí a ń kọ́kọ́ gbà wọlé, kí dókítà rí i kó tó gba káàdì. Kí síkáànì máa ṣiṣẹ́ lóru àti lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe aago 8 sí aago 4 nìkan. Kí wọ́n sì tẹ orúkọ àwọn ọsibítù tí oníṣẹ́ abẹ wà lóru jáde ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí ẹnìkan máa gbé. Bí àtẹ náà bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé yìí lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.